Àwìn Búrẹ́dì Wọnú CV

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní olófòófó ni mí, ẹ ṣeun. Ṣé èmi ni mo ní kí gbogbo ọmọ Àgbọwọ́ máa gbé CV wọn wá sí ṣọ́ọ̀bù mi? Ẹni tó ní kọ̀ǹpútà, tó ní ẹ̀rọ fótókọ́pì, tó tún ní jẹnẹrétọ̀ nítòsí géètì Yunifásítì Ìbàdàn, kò sí bí kò ṣe ní mọ ọjọ́ orí aládùúgbò. Ẹnì kan wà nínú kọ́ńpáǹdì yìí tó ti ń pe ara rẹ̀ ní mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n láti bí ọdún mélòó kan. Mi ò ní dárúkọ. Yàrá kẹta ló ń gbé, ó sì máa ń dé fìlà.

CV kan náà ni gbogbo wọn ń kọ. Orúkọ, ọjọ́ ìbí, ìpínlẹ̀, ìjọba ìbílẹ̀, ẹ̀sìn, ó ti gbéyàwó àbí kò tíì gbé. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á ní àwọn ń wá ibi iṣẹ́ tó gbóná, táwọn á ti lo ẹ̀bùn àwọn fún ìtẹ̀síwájú ilé-iṣẹ́. Ìka mi lè tẹ gbólóhùn yẹn lójú oorun. Èyí tó máa ń gbẹ̀yìn ni ohun tí wọ́n nífẹ̀ẹ́ sí: ìwé kíkà, bọ́ọ̀lù wíwò, ìrìn àjò. Ìrìn àjò wo? Ẹni tí kò kọjá Ìwó Road rí!

Ọ̀rọ̀ ọmọ Ìyá Oníbúrẹ́dì ni mo fẹ́ sọ. Ọmọ dáadáa ni. Ó ka Físíìsì, ó ṣe àgùnbánirọ̀ ní Kẹ́bí, ó dé, ó ní iṣẹ́ data science lòun fẹ́ ṣe. Ìyá rẹ̀ ní kí nìyẹn. Ó ní èèyàn á kó nọ́ńbà jọ, á yẹ̀ ẹ́ wò títí á fi mọ ohun tó ń sọ, á wá fi sọ ohun tó ṣeé ṣe kó ṣẹlẹ̀ lọ́la. Ìyá ní, “Ifá lo fẹ́ máa dá nìyẹn. Bàbá bàbá rẹ dá a, kò lọ Yunifásítì.”

Ó gbé CV rẹ̀ wá. Ẹ wò ó, ó lẹ́wà! Òpó méjì, ọ̀kan búlúù, ọ̀kan funfun, fọ́tò rẹ̀ lókè tó ń rẹ́rìn-ín. Ó wá to ìràwọ̀ sísàlẹ̀: Python ìràwọ̀ mẹ́rin, SQL mẹ́rin, Excel márùn-ún. Mo ní ta ló fún un ní ìràwọ̀? Òun fúnra rẹ̀ ni.

Ibẹ̀ la wà tí Bọ̀dá Détà fi wọlé wá ṣe fótókọ́pì. Ẹ mọ̀ ọ́n, èyí tó gba yàrá iwájú, tó ń ṣiṣẹ́ l'Ékòó, tó ń wálé ní ìparí ọ̀sẹ̀, tó ń fi òrùka sọ́wọ́ tẹ́nikẹ́ni ò rí ìyàwó. Ìyẹn ò kàn mí. Òun náà wà lára àwọn tó ń ka CV níbi iṣẹ́ wọn. Ó yọjú wo kọ̀ǹpútà mi, ó mí kanlẹ̀. Ó ní, “Titanic tún ti dé.”

Mo ní ọkọ̀ inú fíìmù? Ó ní òun gan-an, èyí tó rì lọ́dún 1912. Ó ní ojúlé kan wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń pè ní Kaggle, ibẹ̀ ni wọ́n kó orúkọ àti ọjọ́ orí èèyàn 891 lára èrò ọkọ̀ náà sí, kí akẹ́kọ̀ọ́ máa fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ ẹni tó máa yè àti ẹni tó máa kú. Gbogbo ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ yẹn ló ń ṣe é. Ẹni tí kò bá fi Titanic sínú CV, ìwọ̀n òdòdó 150 tí onímọ̀ ìṣirò Ronald Fisher kọ̀wé lé lórí ní 1936 ló máa fi síbẹ̀. Ọmọ Ìyá Oníbúrẹ́dì fi méjèèjì síbẹ̀! Bọ̀dá ní kò burú kéèyàn fi kọ́ṣẹ́, ṣùgbọ́n ọkọ̀ yẹn ti rì lórí tábìlì òun títí ó fi sú òun.

Ó tún ní òpó méjì yẹn kò dáa. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ńlá ló ní ẹ̀rọ tó ń tú ọ̀rọ̀ inú CV jáde kí èèyàn tó rí i, tó bá sì bá òpó méjì pàdé, ó lè ka ìlà òsì mọ́ ti ọ̀tún, kí Kẹ́bí di Python. Ìràwọ̀ ńkọ́? Kò rí i rárá.

Ẹ̀rọ yìí náà ń ṣìṣe o. Bọ̀dá ní ìròyìn jáde ní 2018 pé Amazon ṣe irú ẹ̀ kan tó ń fún CV ní ìràwọ̀, láti ọ̀kan dé márùn-ún. CV ọdún mẹ́wàá ni wọ́n fi kọ́ ọ, ọkùnrin ló sì pọ̀ jù nínú àwọn tó kọ ọ́. Bó bá ti rí i pé ẹnì kan ṣe olórí ẹgbẹ́ chess àwọn obìnrin, ó ń dín máàkì onítọ̀hún kù. Wọ́n pa á tì. Ẹ gbé e wá síwájú Ìyá Oníbúrẹ́dì, kó dín máàkì tiẹ̀ kù ká wò ó.

Àwọn kan tún ń fi ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ ṣe é. Ọmọ kan ní ilé ẹ̀yìn da gbogbo ọ̀rọ̀ inú ìpolówó iṣẹ́ sísàlẹ̀ CV rẹ̀, ó fi àwọ̀ funfun kọ ọ́ kójú má rí i. Bọ̀dá rẹ́rìn-ín títí. Ó ní bí ẹ̀rọ bá tú ọ̀rọ̀ jáde, kì í tú àwọ̀ mọ́ ọn, gbangba ni gbogbo ẹ̀ ń bọ́ sí.

Ó wá kọjú sọ́mọ wa. Ó ní, “Kí lo ti fi iṣẹ́ yìí ṣe fẹ́nì kan rí, tó sì wúlò fún un?” Ọmọ ní kò sí. Ó fọwọ́ họrí, ó ní àfi ìwé búrẹ́dì màmi.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti rí ìwé yẹn, ẹ mọ̀ ọ́n. Epo àkàrà ti jẹ́ kí ojú ìwé kan hàn sí èkejì. Ìyá ò kọ déètì rí. Ohun tó ń kọ ni “Àlàmísì, 60, ó ṣẹ́ ku 14, Ìyá Aláṣọ gba 3”, tàbí “ọjọ́ tójò pa wá”. Ọmọ yìí jókòó, ó tẹ oṣù mẹ́jọ wọ Excel, ó fi àwọn ọjọ́ tí ìyá dárúkọ wá ọjọ́ òjò rí, ó ya àwìn sọ́tọ̀. Ó rí i pé ọjọ́ Jímọ̀ ni búrẹ́dì ń kú sọ́wọ́ wọn, torí àwọn ọmọ Yunifásítì ti ń lọ ilé. Ìyá bá dín ti Jímọ̀ kù láti 80 sí 55. Ogún tó ń bu tẹ́lẹ̀ di mẹ́fà.

Bọ̀dá lu tábìlì mi, ìnkì fẹ́ẹ̀ dànù. Ó ní, “O jókòó ti èyí, o wá ń kọ òdòdó?”

Bá a ṣe tún un tẹ̀ nìyẹn, ojú ìwé kan péré. Búrẹ́dì bọ́ sókè: ohun tó bá nílẹ̀, ohun tó fi ṣe é, iye tó yí padà. Fọ́tò lọ, ẹ̀sìn lọ, ìjọba ìbílẹ̀ lọ. Bí fọ́ọ̀mù kan bá béèrè fún un, kó kọ ọ́ síbẹ̀. SQL dúró nítorí pé ó mọ̀ ọ́n, ìpolówó iṣẹ́ sì béèrè fún un. Deep learning? Bọ̀dá bi í léèrè kan ṣoṣo lórí rẹ̀, ó ń wo àjà. A pa á rẹ́. A fi ojúlé GitHub rẹ̀, níbi tó kó iṣẹ́ rẹ̀ sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, sí i kí wọ́n lè rí iṣẹ́ náà fúnra wọn.

Nígbà tí ilé-iṣẹ́ kan l'Ékòó pè é, ṣọ́ọ̀bù mi ló ti bá wọn ṣe ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò lórí íntánẹ́ẹ̀tì, torí iná. Mò ń to bébà lẹ́yìn, mi ò gbọ́ nǹkan kan o. Ọ̀rọ̀ àwìn ni wọ́n fi gbogbo àkókò bi í: ṣé ó ka gbèsè mọ́ owó ọjọ́ tí wọ́n gba búrẹ́dì ni, àbí ọjọ́ tí wọ́n san án, èyí tí wọn ò san rárá ńkọ́? Ó dáhùn bí ẹni tí wọ́n bí sórí gbèsè. Kò sẹ́ni tó dárúkọ Titanic. Wọ́n ti gbà á, kó wá fi oṣù mẹ́fà kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn.

Mi ò mọ ẹni tó lọ sọ fún Ìyá Aláṣọ pé wọ́n ti jíròrò gbèsè búrẹ́dì òun títí dé Èkó. Alẹ́ ọjọ́ yẹn ló kówó wá, ó ní kí ọmọ náà jọ̀ọ́, kó yọ orúkọ òun kúrò nínú CV. Orúkọ rẹ̀ ò sí níbẹ̀ rárá. Ṣé èmi ni màá wá sọ fún un?