Ẹ̀rọ Tí Kò Mọ Ẹ̀gẹ́

Ẹ̀yin olùtọ́jú ìwé Àbújá, ẹ má bínú sí mi o. Ẹ̀fẹ̀ lásán ni.

Mo wọ ilé-ìkówèésí kan nílùú wa yìí lọ́jọ́ Jímọ̀ kan. N ò ní í dárúkọ rẹ̀, torí mo ṣì fẹ́ yá ìwé níbẹ̀. Ìwé lórí ọ̀gbìn ẹ̀gẹ́ ni mo ń wá. Màmá tó wà nídìí káńtà, ọmọ Kàbbà, nàka sí kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n faṣọ bò lórí bí ìyàwó tuntun: "Ọ̀gá, a ò fi káàdì wáwèé mọ́ o. Ayé ti dayé ẹ̀rọ."

Mo tẹ "ẹ̀gẹ́", àmì pé lórí rẹ̀. Ẹ̀rọ ní òun ò mọ nǹkan tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo bọ́ gbogbo àmì náà, mo tẹ "ege". Háà! Ó kó gbogbo ìwé tí "college" wà lórúkọ wọn dà sí mi lójú. Ẹ̀rọ tó ti kàwé dé kọ́lẹ́ẹ̀jì, tí kò mọ ohun tí wọ́n fi ń ṣe gàrí!

Ká tó wí ká tó fọ̀, iná lọ. Yúpíẹ́ẹ̀sì ké bí òròmọdìyẹ tó rí àṣá, ó bá dákẹ́. Jẹnẹrétọ̀ wà lẹ́yìnkùlé, ṣùgbọ́n ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ ti lọ kírun Jímọ̀.

Bá a ṣe jókòó sínú ooru, màmá ní Koha ni ẹ̀rọ àwọn ń lò. Mo mọ̀ ọ́n. New Zealand ni wọ́n ti ṣe é, oṣù kìíní ọdún 2000 ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ẹ̀bùn sì ni orúkọ rẹ̀ túmọ̀ sí lédè Máórì. Ọ̀fẹ́ ni. (Kò sì jẹ̀bi ọ̀rọ̀ ẹ̀gẹ́ o, ẹni tó kó orúkọ ìwé sínú rẹ̀ ló fi àmì sílé.) Wọ́n fún wa lẹ́ṣin lọ́fẹ̀ẹ́, koríko ló wọ́n: epo jẹnẹrétọ̀, dátà, owó oṣù ẹni tó mọ̀ ọ́n tún ṣe.

Ẹ tiẹ̀ wo bàbá ìsàlẹ̀ gbogbo wọn, Ilé-Ìkówèésí Àpapọ̀ ní Central Area. Ọdún 2006 ni wọ́n gbéṣẹ́ ilé náà jáde, ṣùgbọ́n wọn ò tètè kọ́ ọ parí. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún náà ti wọ yunifásítì, orí fóònù ló ti ń kàwé. Lọ́dún 2025, nígbà tí Sẹ́nétọ̀ Olúrẹ̀mí Tinubu pé ẹni ọdún 65, ó ní kí wọ́n fi owó ẹ̀bùn ọjọ́ ìbí òun parí rẹ̀. Owó náà lé ní bílíọ̀nù 20 náírà. Bó bá jẹ́ báyìí la ó ṣe máa rówó kọ́lé ìwé, ẹ jẹ́ ká kúkú máa ṣọjọ́ ìbí lóṣooṣù.

Àánú mi ṣe màmá. Ó yí sẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù, ó fa dúrọ́ọ̀ onígi kan yọ, eruku sọ. Kí n tó sín tán, ìka rẹ̀ ti bá káàdì náà: "633.682. Ẹ lọ wo ṣẹ́ẹ̀fù kẹta."

Bí mo ṣe gbéwèé dé, iná dé. "Ẹ dúró, kí n fi sínú ẹ̀rọ." Ó tẹ páṣíwọ́ọ̀dù lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ẹ̀rọ kọ̀. Ẹni tó mọ tuntun ti fẹ̀yìn tì, ó ti padà sí Ògbómọ̀ṣọ́.

Màmá ò sọ̀rọ̀. Ó fa rẹ́jísítà gbọọrọ kan yọ lábẹ́ kíbọ́ọ̀dù, bírò so mọ́ ọn lára.

"Ẹ bá mi sáìnì síbí."