Ẹ̀yin A-yìnbọn-má-rìn, Mo Kí Yín O

Ẹ bá mi kí àwọn ọkùnrin tó ń fi ìbọn gígùn yìnbọn lu bébà nílẹ̀ Amẹ́ríkà. Ẹ kí wọn dáadáa, iṣẹ́ ńlá ni wọ́n ń ṣe. Bébà ọ̀hún wà ní 1,000 yáàdì, ìyẹn mítà 914. Kò lẹ́sẹ̀ tó lè fi sá, kò jí ewúrẹ́ ẹnikẹ́ni, kò sì bú bàbá ẹnikẹ́ni. Àwọn fúnra wọn ni wọ́n gbé e lọ síbẹ̀ láàárọ̀, tí wọ́n kàn án mọ́ pákó. Wọ́n wá padà sẹ́yìn, wọ́n dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún un bí ọkọ ìyàwó níwájú àwọn àna, wọ́n sì yìnbọn lù ú lórí ìdọ̀bálẹ̀ náà. Irú ìkíni wo nìyẹn?

Lẹ́yìn ariwo ìbọn ni wàhálà tó bẹ̀rẹ̀. Bùrọ̀dá á gbórí sókè, á bi ẹni tó dùbúlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé, "Ṣé ó bà á?" Ẹni yẹn á ní, "Ó jọ pé ó bà á." Ta ló rí i? Kò sẹ́ni tó rí i. Ihò tí ọta ìbọn .308 ń lu sára bébà kò fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 1. Bí oòrùn bá sì ti mú, afẹ́fẹ́ orí pápá á máa gbọ̀n rìrì, awò tí wọ́n fi owó oṣù rà kò ní fi nǹkan kan hàn wọ́n ju bébà tó ń jó lọ. Ọ̀nà àbáyọ wà o: kí wọ́n dìde, kí wọ́n rìn lọ wò ó. Àlọ àti àbọ̀ kò pé kìlómítà 2. Ẹ dá a lábàá fún wọn, kí ẹ wá wo bí ojú ṣe ń fà ro! Ọta wọn lè rin máìlì kan. Àwọn fúnra wọn kò lè kọjá ibi tí wọ́n páàkì mọ́tò sí. Òtítọ́ ni pé lórí pápá àjùmọ̀lò, bí ẹnì kan bá fẹ́ lọ wo bébà, gbogbo ìbọn gbọ́dọ̀ dákẹ́, kí gbogbo èèyàn sì dúró dè é, tí wọ́n á máa wò ó bí ó ṣe ń wọ́ ẹsẹ̀. Mo gbà fún wọn níbẹ̀.

Àwọn baba wọn náà kò rìn. Èèyàn ni wọ́n fi síbẹ̀. Ní Camp Perry, létí adágún Erie ní ìpínlẹ̀ Ohio, níbi tí ìdíje orílẹ̀-èdè wọn ti ń wáyé láti 1907, àwọn olùdíje máa ń pín ara wọn: àwọn kan ń yìnbọn, àwọn kan wà nínú kòtò lẹ́yìn òkìtì ilẹ̀, tí ọta ń kọjá lókè orí wọn fìì, fìì. Bí ọta bá ti wọlé, ará kòtò á fa bébà wálẹ̀, á ki àmì bọ ihò rẹ̀, á tún gbé e sókè kí ẹni tó yìn ín lè rí i. Bí kò bá sí ihò kankan ńkọ́? Láyé àtijọ́, àsíá pupa ni wọ́n máa ń jù síwá-sẹ́yìn níwájú bébà, àwọn ṣọ́jà sì sọ ọ́ ní pátá Maggie. Ẹ wo ọkùnrin onírùngbọ̀n, tó gbé ìbọn wá láti ọ̀nà jíjìn, tí wọ́n ń ju pátá obìnrin tí kò mọ̀ rí sí níṣojú gbogbo ayé. Ìtìjú yẹn nìkan tó sọ èèyàn di oníṣẹ́ ẹ̀rọ.

Tó bá sì jẹ́ ti ìyìnbọn aláìlágara ni, ta ló tó Ọbabìnrin Victoria? Ní 1860, nígbà tó ń ṣí ìdíje àwọn ayìnbọn Gẹ̀ẹ́sì ní Wimbledon, wọ́n ti de ìbọn mọ́ orí irin, wọ́n ti bá a fojú sun bébà tó wà ní 400 yáàdì. Okùn lásán ni Kábíyèsí fà, ọta sì wọ àárín. Kò rìn, kò dọ̀bálẹ̀, kò tilẹ̀ gbé ìbọn. Ọba ni, ó yẹ ẹ́. Ẹ̀yin ńkọ́, ẹ̀yin tó ń wọ ṣòkòtò ṣọ́jà lọ ra búrẹ́dì?

Àwọn ọkùnrin wa yìí wá ní àwọn fẹ́ ṣe kámẹ́rà aláìníwáyà tí yóò máa bá wọn wo bébà. Èrò náà kò burú rárá. Kámẹ́rà á wà nídìí bébà, rédíò kan á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, èkejì á wà lọ́dọ̀ ayìnbọn, àwọn méjèèjì á kọjú síra wọn, àwòrán á sì bọ́ sórí fóònù. Ó rọrùn lẹ́nu. Bátìrì 12 volt wà nílẹ̀, rédíò ní 24 lòun ń jẹ. Wọ́n ra ẹ̀rọ tó ń gbé iná sókè. Kámẹ́rà ní òun ò bá rédíò jẹun nínú abọ́ kan náà. Wọ́n tún ra ẹ̀rọ míì. Ilé mọ́tò kún, mọ́tò bọ́ sí ìta. Ìyàwó bi wọ́n pé kí ni gbogbo wáyà yìí wà fún, wọ́n ní kámẹ́rà aláìníwáyà ni. Ilé-iṣẹ́ Ubiquiti tilẹ̀ ta rédíò kan tó ń jẹ́ Bullet, ìyẹn ọta. Ẹ gbé ọta lọ síwájú ọta, kí ẹ wá máa retí àlàáfíà.

Ó dórí pápá, wọ́n gbé rédíò lé orí koríko, àwòrán kọ̀, kò wá. Wọ́n bú ilé-iṣẹ́ tó ṣe é, wọ́n bú ọmọ tó tà á. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ìgbì rédíò kì í gba ojú okùn lọ. Ó máa ń wú láàárín ọ̀nà. Ní 5.8 GHz, lórí 1,000 yáàdì, ibi tó ti wú jù lọ lé ní mítà 3 láti àárín dé etí rẹ̀. Ẹni tó bá tẹ́ ẹ́ríàlì sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lórí pápá títẹ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ri ìdajì ìgbì náà mọ́lẹ̀ láìsí òkú. Wọ́n wá ri òpó. Òpó ga, àwòrán dé, gbogbo wọn pàtẹ́wọ́. Ìgbà tí wọ́n pàtẹ́wọ́ tán ni wọ́n rántí pé ohun tó bá ga lẹ́bàá bébà ni ọta tó ṣáko máa ń kọ́kọ́ bá pàdé.

Àbí ẹ rò pé òjò ló ń pa kámẹ́rà? Ọ̀rẹ́ ni. Ọ̀rẹ́ tí wọ́n pè pé, "Wá wo nǹkan tí mo ṣe." Ní ọ̀nà tó jìn tó yẹn, ọta .308 á ti já wálẹ̀ ní bíi mítà 10, afẹ́fẹ́ tó ń rin máìlì 10 ní wákàtí kan láti ẹ̀gbẹ́ sì lè tì í kúrò lọ́nà ní ohun tó ju mítà 2 lọ. Ọ̀rẹ́ kò ṣírò èyí, kò ṣírò tọ̀hún. Ó fà á. Gbàù! Ojú fóònù ṣú dùdù. Ó gbórí sókè, ó ní, "Ṣé ó bà á?" Ó bà á dáadáa. Kámẹ́rà ló bà.

Síbẹ̀, ẹ̀yìn kámẹ́rà yìí ni mo wà, nítorí irọ́. Kí ó tó dé, ayìnbọn tó tàsé máa ń ní ọta òun gba inú ihò tó ṣáájú kọjá ni. Ẹ gbọ́ irọ́ o! Ó tàsé oko, ó ní ihò abẹ́rẹ́ lòun gbà kọjá. Ní báyìí, ètò orí fóònù máa ń fi àwòrán ìṣáájú wé ti ìsinsìnyí, ihò tuntun nìkan ni yóò máa ṣẹ́jú. Bí ohunkóhun kò bá ṣẹ́jú, bùrọ̀dá, ẹ tàsé nìyẹn. Kò sí àsíá, kò sí pátá Maggie, kò sì sí ẹni tí ẹ máa bá jà.

Nítorí náà, ẹ ṣe é. Ẹ gbé e sí ìhà tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ bọ̀, ẹ fi irin tó nípọn bò ó níwájú, ẹ sì fún àlejò ní bébà tirẹ̀ ní òpin pápá lọ́hùn-ún. Kí ẹ tó yìnbọn àkọ́kọ́, ẹ máa rìn dé ibẹ̀ láti gbé kámẹ́rà kalẹ̀. Nírọ̀lẹ́, ẹ tún máa rìn dé ibẹ̀ láti lọ kó o, tòun ti bátìrì, òpó àti irin náà. Ẹ kú ẹrù o.