Ààwẹ̀ Òyìnbó, Ebi Ìjòkó

Bí ọmọ Yorùbá bá ti pẹ́ díẹ̀ nílùú òyìnbó, yóò rí i pé ohun tí a sá fún nílé ni wọ́n ń fi owó rà níbẹ̀. A sá kúrò nídìí ààrò onígi. Àwọn ń san owó gọbọi kí wọ́n lè lọ dáná igi nínú igbó lópin ọ̀sẹ̀. Ẹsẹ̀ rírìn sú wa. Àwọn ń sanwó oṣooṣù láti rìn lórí ẹ̀rọ tí kì í gbé ènìyàn débì kankan. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ìyà àfowórà tí mo ti rí ní London, èyí tó wọ̀ mí lára jù, tí èmi náà sì ti di ògbóǹtarìgì nídìí rẹ̀, ni ti kọ̀ǹpútà àtijọ́. Àgbàlagbà tó ní kọ̀ǹpútà tuntun lórí tábìlì yóò gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, yóò fa ti ọdún 1982 jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, yóò sì jókòó tì í di aago méjì òru. Kí ló ń ṣe? Ó ń kọ ètò kékeré tí yóò mú kí iná máa jó lójú tẹlifíṣàn. Iná tí kò lè se ọbẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò sì lè yá.

Orúkọ tí àwọn tó ń ṣe é ń pe irú ètò bẹ́ẹ̀ ni démò. Kì í ṣe gèémù, nítorí kò sẹ́ni tó ń jẹ, kò sẹ́ni tó ń pàdánù. Kì í ṣe ọjà títà. Ẹ kàn ń wò ó ni: àwọ̀ ń ṣàn, bọ́ọ̀lù ń ta, ọ̀rọ̀ ń sáré kọjá lójú ẹ̀rọ. Ohun tó mú un dùn ni pé ẹ̀rọ náà kò yẹ kó lè ṣe é. Commodore 64 tó jáde lọ́dún 1982 kò ní ju kílóbáìtì 64 lọ nínú. Fọ́tò ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù kan ṣoṣo tí àǹtí yín fi ránṣẹ́ láti òde ìgbéyàwó lè má wọ inú rẹ̀ tán. Bóyá ẹran á ráyè, ìrẹsì á kù síta. Àwọ̀ 16 péré ló mọ̀. Lọ́dún kan náà, Clive Sinclair, ará England, gbé ZX Spectrum tirẹ̀ jáde, pọ́n-ùn 125 sì ni wọ́n ń ta èyí tó kéré jù, tó ní kílóbáìtì 16. Rọ́bà ni bọ́tìnnì rẹ̀, inú kásẹ́ẹ̀tì ni ètò rẹ̀ ń gbé. Bí ẹ bá ti kásẹ́ẹ̀tì náà bọ̀ ọ́, yóò máa han goooro fún ìṣẹ́jú bíi mélòó kan kí ohunkóhun tó yọjú. Màámi gbọ́ ariwo yẹn lórí fóònù láti ilé wa ní Ìjòkó lọ́jọ́ kan. Wọ́n ní kí n pa fújì yẹn, pé ẹni tó ń kọ ọ́ kò mọ̀ ọ́n kọ.

Bí a ṣe ń dá iná yẹn rèé. A ó pín ojú tẹlifíṣàn sí àpótí kéékèèké. Nínú àwọn àpótí ìsàlẹ̀ pátápátá, a ó máa da nọ́ńbà sí i láìtò ó, ńlá àti kékeré. Àpótí kọ̀ọ̀kan tó wà lókè yóò wo àwọn tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, yóò ro iye wọn pọ̀, yóò pín in dọ́gba, yóò sì yọ díẹ̀ kúrò níbẹ̀ kó tó gbà á. Nọ́ńbà ńlá ni àwọ̀ funfun àti ìyeyè, èyí tó kéré sí i ni pupa, òdo ni dúdú. Ó parí. Ooru ń gòkè, ó ń tutù bó ṣe ń lọ, ahọ́n iná sì bẹ̀rẹ̀ sí í jó.

Tó bá jẹ́ ìgbì lẹ fẹ́, ọ̀rọ̀ le díẹ̀, nítorí ẹ̀rọ yìí kò mọ ìsọdipúpọ̀. Ìròpọ̀, ìyọkúrò àti pípín sí méjì ni wọ́n kọ́ ọ. A ó bá a ṣírò gbogbo ibi tí ìgbì yóò gbà kí eré tó bẹ̀rẹ̀, a ó tò ó sílẹ̀ ní nọ́ńbà 256, ẹ̀rọ á kàn máa wo ìdáhùn kọ. Nílé ìwé tí mo lọ ní Ìjòkó, ẹgba ni èrè ẹni tó bá wo ìdáhùn kọ. Ní Finland, níbi tí wọ́n ti ń ṣe àpéjọ démò Assembly láti ọdún 1992, àtẹ́wọ́ ni wọ́n ń pa fún un.

Èyí tí èmi fẹ́ràn jù lọ ni ti ààlà. Commodore 64 ní etí kan tó yí àwòrán ká, tí wọ́n ti fòfin dè pé àwòrán kò gbọdọ̀ dé. Ìlà 312 ló wà nínú àwòrán Commodore tiwa, ìgbà 50 ni ẹ̀rọ sì ń yà wọ́n láti òkè délẹ̀ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí ẹ bá sọ fún un pé ìlà ọ̀rọ̀ 25 lẹ fẹ́ kọ, yóò ti ilẹ̀kùn ààlà ìsàlẹ̀ bó bá dé ìlà 251. Bí ẹ bá ní ìlà ọ̀rọ̀ 24 ni, 247 ni yóò ti í. Wàyí o, ẹ ní 25 ni yín. Yóò kọjá 247 láìfọwọ́ kan ilẹ̀kùn. Kó tó dé 251, ẹ yára pariwo pé ẹ ti di 24. Yóò wo ìwé rẹ̀: "Ti onílà 24? Ìyẹn ti kọjá, mo ti ní láti ti í." Yóò sì máa lọ. Ilẹ̀kùn wà ní ṣíṣí gbayawu, àwòrán sì wọ ibi tí òfin ní kó má wọ̀. Èmi tí mo ti ru ìwé báńkì, lẹ́tà ọ̀gá ibi iṣẹ́, àti fọ́tò tí wọn kò gbà mí láyè kí n rẹ́rìn-ín nínú rẹ̀, lọ síwájú àwọn oní-físà, mo wá rí ààlà tí wọ́n fi nọ́ńbà kan ṣoṣo tàn! Omi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú mi.

Ẹ gbìyànjú kí ẹ ṣàlàyé èyí fún ìyá yín.

"Ọkọ mi, iṣẹ́ wo lò ń ṣe tí o kì í fi í sùn?"

"Mò ń kọ ètò kọ̀ǹpútà ni, Màámi."

"Wọ́n á sanwó ẹ̀ fún ẹ dáadáa?"

"Wọn kì í sanwó fún èyí, Mà."

"Kọ̀ǹpútà ta ni?"

"Tèmi ni. Mo rà á."

"Tuntun?"

"Ti ọdún 1982 ni, Mà."

Wọ́n dákẹ́. "Kí ló wá ń ṣe fún ẹ?"

"Ó ń dáná, Mà."

"Ọkọ mi, ṣé ẹ ní pásítọ̀ níbẹ̀ yẹn?"

Ohun tó tún ba ọ̀rọ̀ jẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́ ni pé ọdún Àjíǹde gan-an ni àpéjọ wa tó lókìkí jù bọ́ sí. Láti ọdún 2011 ni àwọn elédémò ti ń pàdé ní Saarbrücken ní Jámánì, wọ́n ń pè é ní Revision. Nígbà tí àwọn ará ilé mi bá ń wọ́ lọ sí Canaanland ní Ọ̀tà, níbi tí àga 50,400 wà lábẹ́ òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì kan ṣoṣo, èmi ń gbé báàgì lọ sínú gbọ̀ngàn tó ṣókùnkùn ní Jámánì, kí n lè rí ohun tí ẹnì kan fi báìtì 256 ṣe. Àìsùn ni ti àwọn elédémò náà, ariwo sì wà níbẹ̀. Wọn kì í kàn gba ọrẹ ni. Ẹ má sì fojú kéré báìtì 256 o. Ìpínrọ̀ tí ẹ ń kà lọ́wọ́ yìí ti jẹ ẹ́ tán láti òkè lọ́hùn-ún, pẹ̀lú gbogbo àmì ohùn orí rẹ̀, kò sì tíì tan iná kankan.

Lọ́dún 2020, Finland kọ iṣẹ́ démò sínú ìwé àṣà tí orílẹ̀-èdè wọn ń dáàbò bò. Jámánì ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́dún 2021, Poland náà kò jẹ́ kí ọdún yẹn parí. Orí mi wú. Mo pe ẹ̀gbọ́n bàbá mi tó ń ṣe awo, kí ẹnì kan nínú ẹbí lè bá mi yọ̀. Bàbá ní UNESCO ti bu ọlá fún Gẹ̀lẹ̀dẹ́ láti ọdún 2001, ó bu ọlá fún Ifá lọ́dún 2005, kí ni tàwọn ará Finland ṣe wá jẹ́ ìròyìn? Mo ní báìtì ni tiwa, Bàbá. Wọ́n ní kí ló ń jẹ́ báìtì. Mo ní àyè mẹ́jọ ni, ọ̀kọ̀ọ̀kan lè wà ní títàn tàbí ní pípa, ọ̀nà tí wọ́n lè gbà jókòó sì jẹ́ 256. Bàbá bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ojú mẹ́jọ ló wà lára ọ̀pẹ̀lẹ̀ ọwọ́ àwọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan lè ṣí tàbí kó dojúdé, odù rẹ̀ sì jẹ́ 256 láti ìgbà ìwáṣẹ̀. "Àwa kó ìbí, ikú, ìyàwó, ọmọ, owó àti ọ̀tá sínú tiwa. Ẹ̀yin fi tiyín dáná tí kò jóni. Bá mi kí wọn ní Finland, ní mo ní wọ́n kú àbọ̀."

Nígbà tí mo ń bọ̀ nílé, mo di Commodore náà sáàárín aṣọ nínú àpótí. Mo ti ṣírò rẹ̀ pé yóò ṣiṣẹ́. Púlọ́ọ̀gì Nàìjíríà àti ti England kan náà ni. Iná méjèèjì, 50 Hz. Ètò àwọ̀ tẹlifíṣàn àtijọ́ méjèèjì, PAL. Démò mi sì nílò ìyẹn, nítorí bí àṣẹ kan nínú rẹ̀ bá fi ìdá kan nínú mílíọ̀nù ìṣẹ́jú-àáyá pẹ́, àwọ̀ á yà kúrò lójú ọ̀nà. Ní Houston, níbi tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń gbé, wúruwùru ló ń ṣe: ìlà 263 ni tiwọn, ìgbà 60 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ẹ̀gbọ́n mi yìí ló ń sọ fún gbogbo ẹbí pé Amẹ́ríkà ju London lọ. Mo rọra fi fídíò ránṣẹ́ sí wọn: ohun tí Houston kò lè wò, Ìjòkó ń wò ó.

Ṣùgbọ́n kí Ìjòkó tó wò ó, ó di ọ̀dọ̀ ọ̀gá tó ń tún tẹlifíṣàn ṣe nítòsí ojú irin. Ní London, tẹlifíṣàn àtijọ́ tó ní ikùn lẹ́yìn ti di ohun tí àwọn elédémò ń du mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Ní ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá yìí, wọ́n tò wọ́n láti ẹnu ọ̀nà dé etí gọ́tà, adìyẹ kan sì ń sàba nínú ọ̀kan tí wọ́n ti tú inú rẹ̀. A so ẹ̀rọ mọ́ ojú eríà. Àwòrán jáde, ohùn kò jáde, nítorí pé ibi tí tẹlifíṣàn àtijọ́ ti England ń gbé ohùn sí nínú ìgbì yàtọ̀ díẹ̀ sí tiwa. Ọ̀gá kò bèèrè ìwé àlàyé. Ó gé wáyà kan, ó fi mítà wo ihò ẹ̀yìn Commodore náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó jó léèdì sí i, ó sì gbé ohùn àti àwòrán gba ọ̀nà mìíràn wọlé. Iná bẹ̀rẹ̀ sí í jó lójú tẹlifíṣàn. Àwọn ọmọ pé lé wa lórí.

Bẹ́ẹ̀ ni iná tòótọ́ lọ.

Kọ̀ǹpútà yìí kì í rántí ohunkóhun bí wọ́n bá ti mú iná lọ. Èmi ń sún kẹrẹ, mo ní kí n tún ti dísíìkì bọ̀ ọ́ bí iná bá dé. Ọ̀gá ti bọ́ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, ó gbé àpótí kan wá: bátìrì tó tú jáde nínú àwọn láàpútọ́ọ̀pù tó ti kú, ó ti wọn ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ti yọ èyí tó bàjẹ́, ó ti so ìyókù pọ̀ mọ́ ìnfátà tí òun náà tún ṣe fúnra rẹ̀. Tẹlifíṣàn tàn. Ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ kan bi mí bí iná ojú ẹ̀rọ ṣe ń gòkè. Mo ya àpótí kéékèèké sórí páálí fún un, mo fi bí nọ́ńbà ṣe ń wo ìsàlẹ̀ hàn án. Ó wò ó títí. "Bùọ̀dá, tó bá jẹ́ òkè ló ń wò ńkọ́?" A yí i padà, iná sì ń ṣàn wá sílẹ̀ látòkè. Ọmọ tí kò fọwọ́ kan Commodore rí ti kọ démò tirẹ̀.

Ìwúrí mú mi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wàásù. Mo sọ fún ọ̀gá pé ohun tó fi bátìrì òkú ṣe yìí, ọgbọ́n kan náà ni Finland kọ sínú ìwé àṣà. Ó ń gbọ́ mi, ó ń pa léèdì.

"Ọ̀gá London, àwọn ará Finland yẹn, ta ló ní kí wọ́n máa lo kílóbáìtì 64?"

"Kò sẹ́nì kan. Àwọn ló yàn án."

"Tó bá sú wọn ńkọ́?"

"Wọ́n á pa á, wọ́n á tan kọ̀ǹpútà tuntun."

"Ààwẹ̀ nìyẹn," ó ní. "Aláàwẹ̀ mọ aago tí òun máa ṣínu, ọbẹ̀ ẹ̀ ti wà lórí iná. Ebi ni tèmi. Ẹ má pè é ní ààwẹ̀ fún mi."

Mi ò rí èsì fọ̀. Àwa ará òkèèrè la ń ya fọ́tò irú àpótí bátìrì bẹ́ẹ̀, tí à ń kọ sábẹ́ rẹ̀ pé ọpọlọ wà ní Nàìjíríà. Ọpọlọ wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n iná tó dúró ṣinṣin ní Peckham, nínú London, la fi gba agbára sínú fóònù tí a fi ń kọ ọ́, bí ìwúrí náà bá sì ti rọlẹ̀ lára wa, a kì í bèèrè ohun tí ọpọlọ yẹn ìbá fi ṣe bí kò bá jẹ́ pé wíwá iná ló ń jẹ ẹ́ tán.

Mo bi ọ̀gá pé kí ni kí n bá a sọ fún àwọn ará Finland. Ó ní kí n kí wọn, ṣùgbọ́n kí wọ́n má wulẹ̀ kọ òun sínú ìwé àṣà kankan. Kí wọ́n bá òun wá iná wákàtí 24; bó bá dọjọ́ Sátidé, òun náà á yàn láti jìyà díẹ̀ fún ìgbádùn. Ní ti wáyà àti léèdì tí òun fi so Commodore mi mọ́ tẹlifíṣàn, ó ní òun ò gba àṣà, òun ò gba náírà lọ́wọ́ ará London. Pọ́n-ùn lòun ń gbà.