Ọwọ́ Gbígbóná Nílùú Yìnyín: Bí A Ṣe Ń So Rọ́bà Ìdìmú Ilé-iṣẹ́ Kan Mọ́ Ọ̀kadà Òmíràn

Ọ̀kadà yìnyín ni orúkọ tí ó bójú mu jù lọ fún ohun tí àwọn ará Kánádà ń pè ní skidoo, nítorí pé ẹni kan tàbí méjì ní í gbé, ó ní ọwọ́ ìdarí bíi ti alùpùpù, ariwo rẹ̀ sì tó láti jí gbogbo àdúgbò; ṣùgbọ́n kò ní táyà, pákó ìyọ̀ méjì tí wọ́n ń pè ní sikíì ni ó wà níwájú rẹ̀, bẹ́líìtì rọ́bà fífẹ̀ kan tí ó ní eyín ni ó sì ń tì í láti ẹ̀yìn. Àwọn tí ń ṣe é máa ń fi wáyà tí iná ń mú gbóná sínú rọ́bà ìdìmú rẹ̀, èyíinì ni rọ́bà tí ó bo irin ìdarí lápá ọ̀tún àti lápá òsì, kí ọwọ́ ẹni tí ó ń gùn ún má baà dì. Ohun tí àròkọ yìí fẹ́ yẹ̀ wò ni ohun tí ó máa ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí rọ́bà yìí bá kú, tí irú rẹ̀ gan-an wọ́n gógó tàbí tí kò sí mọ́ lọ́jà, tí ọmọ Yorùbá tí ó ń gbé Winnipeg tàbí Saskatoon sì pinnu pé òun yóò fi ti ilé-iṣẹ́ mìíràn rọ́pò rẹ̀.

Kí òǹkàwé tí ó wà ní Ìbàdàn má baà rò pé fáàrí lásán ni, ó yẹ kí a sọ̀rọ̀ díẹ̀ nípa otútù náà fúnra rẹ̀. Ọlọ́kadà tí ó ń ti Mọ́níyà bọ̀ wá sí Mọ́kọ́lá ní àárọ̀ kùtù ìgbà ọyẹ́ máa ń wọ kóòtù onírun tí ó jáde láti inú béèlì òkìríkà, bẹ́ẹ̀ sì ni ojú-ọjọ́ lè má tíì wálẹ̀ kọjá nǹkan bí ìwọ̀n 20 Celsius. Nílùú tí wọ́n rán irú kóòtù bẹ́ẹ̀ fún, ìwọ̀n 25 nísàlẹ̀ òdo kì í ṣe ìròyìn. Bí ẹni tí ó wà lórí ọ̀kadà yìnyín bá sì ń sáré kìlómítà 50 ní wákàtí kan nínú rẹ̀, afẹ́fẹ́ tí ó ń gbá a yóò sọ ọ́ di bí ìwọ̀n 42 nísàlẹ̀ òdo lára awọ tí kò ní ìbòrí, èyí tí ìjọba Kánádà kìlọ̀ pé ó lè mú kí awọ dì láàárín ìṣẹ́jú 5 sí 10. Ọwọ́ tí ó bá ti kú tipiri kò lè tẹ bíréèkì, kò sì lè tẹná, nítorí pé àtàǹpàkò ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n fi ń tẹná lórí ọkọ̀ yìí. Ìbéèrè tí àwọn ará ilé máa ń bi ẹni bẹ́ẹ̀, pé ta ni ó lé e jáde nínú irú otútù yẹn, jẹ́ ìbéèrè tí ó mọ́gbọ́n dání, kò sì tíì sí ẹni tí ó dáhùn rẹ̀ tẹ́ wọn lọ́rùn.

Ojú tí wọ́n fi ń wo orúkọ ilé-iṣẹ́ ni ó kọ́kọ́ ya ilé àti òkèèrè sọ́tọ̀. Ní òkèèrè, ìwé tí ó bá ọkọ̀ wá máa ń kìlọ̀ pé ẹ̀yà tí ilé-iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ṣe ni kí a lò, ẹni tí ó bá sì gbé e lọ sí ibi ìtúnṣe yóò bá owó iṣẹ́ wákàtí kan tí wọ́n kọ sára ògiri, iye tí kò ṣeé ná, nítorí pé “ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi mú un wálẹ̀ díẹ̀” kò ní ìtumọ̀ kankan létí akọ̀wé tí ó jókòó síbẹ̀. Ní ọjà Ládípò ní Mushin, ẹ̀wẹ̀, orúkọ tí ó wà lára páálí kì í dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni; ẹni tí ń ta tòkunbọ̀ yóò gbé ẹ̀yà náà wò sókè, yóò wò ó nísàlẹ̀, yóò sì sọ pé ó máa wọlé. Ìtàn kúkú wà lẹ́yìn ará Ládípò. Joseph-Armand Bombardier, ọmọ Valcourt ní Québec, tí ilé-iṣẹ́ rẹ̀ gbé Ski-Doo jáde ní 1959, kò ju ọmọ ọdún 15 lọ ní 1922 nígbà tí ó gbé ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ Ford àtijọ́ kan ka orí pákó ìyọ̀, tí ó sì fi abẹ̀bẹ̀ irú ti ọkọ̀ òfuurufú sí i lẹ́yìn. Bàbá rẹ̀ rí i, ó sì ní kí ó tú u palẹ̀ kíákíá, ohun tí bàbá èyíkéyìí ní Ìsẹ́yìn ì bá ṣe náà nìyẹn. Ó ṣòro, nígbà náà, láti gba ìwàásù nípa ojúlówó ẹ̀yà lọ́wọ́ àwọn tí iṣẹ́ wọn bẹ̀rẹ̀ láti ara ẹ́ńjìnnì Ford. Yàtọ̀ sí èyí, Yamaha kéde ní 2023 pé òun yóò fi iṣẹ́ ọ̀kadà yìnyín sílẹ̀, àwòṣe ọdún 2025 sì ni ìkẹyìn tí ó tà ní Àríwá Amẹ́ríkà, tí ó fi jẹ́ pé ará òkèèrè pàápàá yóò ní láti kọ́ ọgbọ́n Ládípò bí ọjọ́ bá ti ń gorí ọjọ́.

Wíwọlé nìkan, bí ó ti wù kí ó rí, kò mú ọwọ́ gbóná. Iná tí ó ń lọ sínú rọ́bà ìdìmú ń wá láti ara kọ́ìlì tí mágínẹ́ẹ̀tì ń yí ká lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì, èyíinì ni pé jẹnẹrétọ̀ kékeré ni ó wà nínú ọkọ̀ náà, ọmọ Nàìjíríà kò sì nílò olùkọ́ lórí ọ̀rọ̀ jẹnẹrétọ̀. Wáàtì ni òṣùwọ̀n iṣẹ́ tí iná ń ṣe. Bí ọkọ̀ àtijọ́ kan bá ń pèsè wáàtì 200, tí iná iwájú ń gba 60 nínú rẹ̀, ìyókù ni rọ́bà ìdìmú, iná ẹ̀yìn àti ohun tí ń mú àtàǹpàkò gbóná yóò jọ pín. Ẹni tí ó ti dàgbà nínú ilé tí wọ́n ti ń pariwo pé kí wọ́n pa fíríìjì kí wọ́n tó tan áyọ́ọ̀nù ti kàwé gboyè nínú ìmọ̀ yìí kí ó tó gba físà.

Ibi tí iṣẹ́ náà ti ń bàjẹ́ ni bí a ṣe so rọ́bà méjèèjì pọ̀. Fóòtì ni agbára tí ó ń ti iná lọ, óómù sì ni bí wáyà ṣe ń dènà rẹ̀ tó. Ilé-iṣẹ́ kan lè ṣe rọ́bà tirẹ̀ kí a so wọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò gba odindi fóòtì 12; òmíràn lè ṣe tirẹ̀ kí iná gba inú ọ̀kan kọjá bọ́ sínú èkejì, tí wọn yóò pín fóòtì náà sí mẹ́fà-mẹ́fà. Rọ́bà tí ó ní óómù 5, tí a ṣe fún fóòtì 12, yóò mú ooru wáàtì 29 jáde. Bí a bá so ó bọ́ sínú èkejì rẹ̀, wáàtì 7 péré ni ó máa kù, èyí tí ìbọ̀wọ́ kò ní mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Òdìkejì rẹ̀ ni ó léwu: rọ́bà tí ó ní óómù 2, tí a ṣe fún fóòtì 6, máa ń mú wáàtì 18 jáde ní ìrọ̀rùn, ṣùgbọ́n bí fóòtì 12 bá wọ inú rẹ̀, ooru náà yóò di wáàtì 72, òórùn rọ́bà tí ń jóná ni yóò sì kọ́kọ́ sọ fún onítọ̀hún pé ohun kan ti ṣẹlẹ̀. Tẹ́sítà tí owó rẹ̀ kò tó ti oúnjẹ ọ̀sán kan ni ó ń yọni nínú gbogbo èyí, nítorí pé a óò fi ka óómù rọ́bà àtijọ́ bí kò bá tíì já pátápátá, a óò ka ti tuntun, a óò sì mọ̀ bí a ṣe máa so ó kí a tó gé wáyà kankan.

Rìwáyà, èyíinì ni oníṣẹ́ iná ọkọ̀ nílé, kì í fẹ́ràn tẹ́sítà púpọ̀. Bí wọ́n bá pè é lórí WhatsApp tí wọ́n fi wáyà hàn án, yóò sún mọ́ fóònù, yóò wò ó pẹ́, yóò sì dájọ́: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú, ẹ lọ dáírẹ́ẹ̀tì.” Ìtumọ̀ dáírẹ́ẹ̀tì ni pé kí wọ́n yọ fíúsì àti súwíìsì kúrò lọ́nà, kí iná máa lọ tààrà, bí fíúsì bá sì jóná, bébà fàdákà inú páálí sìgá wà. Ìmọ̀ràn yìí ti gbé ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkọ̀ dé ilé ní ojú ọ̀nà Ìbàdàn sí Èkó, ẹni tí ó bá sì fi ṣe yẹ̀yẹ́ kò tíì takú sí Ògèrè lóru. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tí ó kú sí Ògèrè ní àwọn tí yóò bá a tì í, nígbà tí èyí tí ó kú sí àárín adágún tí ó ti dì kò ní nǹkan kan bí kò ṣe ẹsẹ̀ ẹni tí ó gùn ún.

Àléébù kejì ìmọ̀ràn náà ni pé nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ àtijọ́ tí kò ní bátìrì, tí wọ́n ń fi okùn fà kí ó tó jí, irú iná tí ń lọ tí ń bọ̀, bíi ti NEPA, ni ó ń lọ sínú rọ́bà ìdìmú. Rọ́bà tí ó jẹ́ wáyà lásán nínú kò bìkítà, ṣùgbọ́n èyí tí ó ní bọ́tìnì onípele mẹ́rin tàbí márùn-ún ní ọpọlọ kékeré kan tí kò mọ̀ ju iná irú ti bátìrì lọ, yóò sì kú fin-ín bí a bá fún un ní òmíràn, àfi bí a bá kọ́kọ́ fi rẹ́kítífáyà, ẹ̀yà tí ń yí iná NEPA padà sí irú ti bátìrì, sí i lọ́nà.

Rọ́bà fúnra rẹ̀ kò ní wàhálà púpọ̀. Irin ìdarí ọ̀pọ̀ ọ̀kadà yìnyín nípọn tó mìlímítà 22, ti alùpùpù púpọ̀ náà rí bẹ́ẹ̀. Kìkì pé rọ́bà ọwọ́ ọ̀tún alùpùpù máa ń fẹ̀ jù nínú, nítorí pé orí páìpù tí wọ́n ń lọ́ láti fi tẹná ni wọ́n ń fi í sí, tí ó fi jẹ́ pé ẹni tí ó bá ra ti alùpùpù yóò ní láti fi téèpù tàbí rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ di àlàfo náà kí ó má baà máa yí lọ́wọ́. Wáyà sì gbọ́dọ̀ gùn tó kí irin ìdarí lè yí dé òpin lápá ọ̀tún àti lápá òsì láì fà á.

Alẹ́ ni iṣẹ́ yìí sábà máa ń bọ́ sí, nínú gáréèjì tí otútù kò yọ sílẹ̀. Nílé, ọmọ iṣẹ́ ni yóò di tọ́ọ̀ṣì mú fún ọ̀gá rẹ̀ láìsọ̀rọ̀. Lọ́hùn-ún, ọmọ bíbí inú onítọ̀hún ni, tí wọ́n bí sí Kánádà, tí yóò tan tọ́ọ̀ṣì náà sí ibòmíràn, tí yóò sì béèrè iye tí dádì rẹ̀ máa san ní wákàtí kan.