Ìdòwú Tí Wọ́n Sọ Lórúkọ Kẹ́hìndé

Ẹ jókòó. Ìwọ tó dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọlé kí o ti ilẹ̀kùn, ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí adìyẹ ń gbọ́. Ẹ gbé fóònù yín kalẹ̀. Má wulẹ̀ dojú ẹ̀ dé, pa á. Mo ti lo ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin lókè eèpẹ̀, mo ti rí ogun, mo ti rí ìdìbò, ṣùgbọ́n mi ò rí irú àìmoore tí mo gbọ́ lẹ́nu yín rí.

Lórí kí ni? Lórí géèmù! Èyí tí wọ́n ń pè ní Mario vs. Donkey Kong 2: March of the Minis, tí Nintendo gbé jáde lọ́dún 2006 fún DS, ẹ̀rọ kékeré olójú méjì tó ń ṣí bí ìwé. Ẹ ní kò tó ẹ̀gbọ́n ẹ̀. Ẹ ní wọ́n ti bà á jẹ́. Ó dáa. Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá ni àgbà òṣìkà. Nígbà tí mo gbọ́ tẹnu yín tán, mo gba ẹ̀rọ náà lọ́wọ́ ọmọ-ọmọ mi kí n lè fi ṣe ìwádìí. Oṣù kejì rèé, ìwádìí náà kò tíì parí.

Ká tó dá ẹjọ́ yìí, ẹ jẹ́ ká mọ ìdí ìjà. Lọ́dún 1981, ní Japan, Shigeru Miyamoto ṣe géèmù kan. Ìnàkí ńlá kan, Donkey Kong, gbé obìnrin sá gun orí àwọn irin ìkọ́lé, ọkùnrin kúkúrú onírunmú kan ń lépa rẹ̀, ó ń fo àgbá tí ìnàkí ń yí bọ̀ wá bá a. Ọkùnrin náà ni Mario; káfíńtà ni nígbà yẹn, kò tíì di púlọ́ńbà. Lọ́dún 1994, wọ́n gbé ìjà náà wọ inú ẹ̀rọ Game Boy: ìpele mẹ́rin ti àtijọ́ ló ṣáájú, 97 mìíràn tẹ̀lé e. Níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ kọ́kọ́rọ́ ti bẹ̀rẹ̀. Wá kọ́kọ́rọ́ rí, gbé e sórí, rù ú dé ìdí ilẹ̀kùn. Iṣẹ́ alárù ni, àmọ́ alárù tó ń ronú.

Ọdún 2004 ni ẹ̀gbọ́n tí ẹ ń yìn yìí wá dé sórí Game Boy Advance, láti ọwọ́ ẹ̀ka Nintendo kan ní Redmond, Amẹ́ríkà. Ẹ sì wo ohun tó fa ìjà. Ìnàkí rí ìpolówó ọmọlángidi Mario lórí tẹlifíṣọ̀n. Ó sáré lọ sí ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ní ọjà ti tán. Ó bá kọjá sí ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe é, ó kó gbogbo rẹ̀ lọ. Èmi náà ti tò láti ìdájí títí oòrùn fi là, kí wọ́n tó sọ fún mi pé epo ti tán. Mi ò tìtorí ẹ̀ lọ jí rìfáínárì gbé.

Nínú géèmù yẹn, ìwọ gan-an ni Mario. O tẹ bọ́tìnnì, ó fò. Ó lè dorí kodò kó máa fi ọwọ́ rìn. Ní ẹkùn kọ̀ọ̀kan, ìpele mẹ́fà ni wàá fi sáré kiri, ọ̀rọ̀ kọ́kọ́rọ́ àti ilẹ̀kùn. Ó wá ku ìkeje, níbi tí ọmọlángidi mẹ́fà yóò ti tò tẹ̀lé ọ lẹ́yìn bí ọmọ pẹ́pẹ́yẹ, tí wàá kó wọn dé inú àpótí wọn, kí o tó lọ kojú ìnàkí.

Ẹ dì í mú níbẹ̀. Ìkeje yẹn.

Nígbà tí àwọn ará Redmond fẹ́ ṣe èkejì, ìkeje yẹn nìkan ni wọ́n mú, ni wọ́n bá fi kọ́ odidi ilé. Mario fúnra rẹ̀ kò fẹsẹ̀ kan ilẹ̀ mọ́. Ó jókòó bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ joyè. Àwọn ọmọlángidi rẹ̀ ló ń rán, àwọn tó ní kọ́kọ́rọ́ lẹ́yìn bí aago àtijọ́, ìwọ lo sì ń bá a rán wọn. Kálàmù kékeré kan wà tí kò ní yíǹkì. O fà á sọ́tùn-ún lára ọmọ, ó gba ọ̀tún. O fà á sókè, ó fò. O tẹ̀ ẹ́ láyà, ó dúró.

Ìyẹn ni ẹ ń tìtorí ẹ̀ sunkún? “Wọn ò jẹ́ ká fò fúnra wa mọ́!” Ta ló ń fò fúnra rẹ̀ nínú ilé yìí? Ìgbà wo ni mo fi ẹsẹ̀ ara mi lọ ra àtàbá gbẹ̀yìn? Ẹ̀yin rò pé ìsinmi ni ká ránni níṣẹ́. Iṣẹ́ ńlá ni! Ẹni tó ń lọ fúnra rẹ̀, ojú rẹ̀ ló fi ń rí kòtò. Ẹni tó rán ọmọ gbọ́dọ̀ rí kòtò láti orí ìjókòó, kó rí i ṣáájú ọmọ, kó sì mọ ohun tí ọmọ yóò ṣe tó bá débẹ̀.

Ẹ jẹ́ n fi ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi lóru Ọjọ́bọ̀ hàn yín. Ọmọ méjì ni mo ní lójú ẹ̀rọ, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Mo rán ti ìsàlẹ̀ sọ́tùn-ún, ó ń lọ ní tirẹ̀, apá ń mì, ẹsẹ̀ ń dún kó-kó-kó. Mo ní kí n wo ti òkè. Ìṣẹ́jú àáyá mélòó? Mi ò tíì mí kanlẹ̀. Ti ìsàlẹ̀ ti kan ògiri, ó ti yí padà, ó ń bọ̀ lọ́dọ̀ ẹ̀gún irin, pẹ̀lú ojú ẹni tí wọ́n rán lọ gba ẹ̀bùn. Mo ju kálàmù síbẹ̀ kí n dá a dúró. Ìka mi bo ọmọ, ó bo ẹ̀gún, ó bo ìdajì ilé. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Àwọn tó ṣe ẹ̀rọ yìí, kèrègbè nìkan ni wọ́n fi sílẹ̀ fún wa. Nígbà tí mo fi máa gbé ìka kúrò, ọmọ ti lọ.

Wọ́n sọ fún wa ní kékeré pé bí a bá ránni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Àwọn ọmọlángidi wọ̀nyí kò gbọ́ òwe yẹn rí. Bí o bá ṣe rán wọn gẹ́lẹ́ ni wọ́n ń jẹ́ ẹ, ibẹ̀ sì ni ikú wọn wà.

Èmi náà ní ẹ̀sùn, ẹ má rò pé wọ́n ti fún mi ní rìbá. Ìnàkí gbé Pauline, obìnrin ti 1981 yẹn, lọ sórí òrùlé ọgbà ìgbádùn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣí, nítorí pé ó fún un ní ọmọlángidi tó jọ ìnàkí, obìnrin sì mú èyí tó jọ Mario. Láti 1981 dé 2006! Ọdún 25 ni wọ́n ti ń sọ fún ìnàkí yìí pé rárá. Ó tún kù. Bí àwọn ọmọ bá ṣe wàhálà dé òkè tán tí wọ́n fẹ́ bá a jà, inú àgbá ìbọn ni wọ́n ń kó wọn sí. Wọ́n ń yin wọ́n bí ọta! Ọmọ tí a rán níṣẹ́ tó sì jẹ́ ẹ dáadáa! Mo gbé ẹ̀rọ kalẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, mo lọ jókòó síta fún odidi ìṣẹ́jú márùn-ún.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹn ló ń bí yín nínú. Orúkọ ló dá gbogbo ìjà yìí sílẹ̀. Nọ́ńbà 2 yẹn. Bí a bá pe ọmọ ní Kẹ́hìndé, gbogbo ẹni tó bá rí i ni yóò máa wá ojú Táíwò lójú rẹ̀. Ìdòwú ni àwọn ará Redmond bí, ọmọ lọ́tọ̀, orí kunkun lọ́tọ̀, ni wọ́n bá sọ ọ́ lórúkọ Kẹ́hìndé. Ká ní March of the Minis ni wọ́n pè é lásán ni, ẹ̀yin náà ì bá yẹ́ ẹ sí. Àwọn fúnra wọn mọ̀ bẹ́ẹ̀, torí a ò rí nọ́ńbà 3 títí dòní. Èyí tó jáde lọ́dún 2009, ti 2010, títí dé ti 2015, orúkọ nìkan ni, ọmọ rírán sì ni gbogbo wọn. Ti 2009 tilẹ̀ le jù: ọmọ tí o bá ti rán, o kò lè dá a dúró mọ́.

Àwọn kan gba Ìdòwú bí ó ṣe rí, mo kí wọn. Wọ́n ṣàwárí pé wọ́n fi iyàrá kan sínú géèmù 2006 yẹn tí ènìyàn lè fi kọ́ ìpele tirẹ̀, kó ti ẹ̀gún bọ̀ ọ́ níbi tó wù ú, kó sì gba orí íntánẹ́ẹ̀tì fi ránṣẹ́ sí aládùúgbò tí kò mọ̀ rí. Àwọn yẹn kò ráyè ráhùn, wọ́n ń dẹ pàkúté fún ara wọn. Ó di ogúnjọ́ oṣù Karùn-ún ọdún 2014, Nintendo ti ọ̀nà orí íntánẹ́ẹ̀tì tó wà fún DS pa. Ilé ṣì wà, ojú ọ̀nà ti di igbó. Ẹ ṣí fìlà fún ìṣẹ́jú kan. Ìwọ tí kò dé fìlà, tẹ orí ba.

Ẹ wá gbọ́ èyí tó dùn mí jù. Ní ọjọ́ 16 oṣù Kejì ọdún 2024, wọ́n tún ti 2004 yẹn ṣe fún ẹ̀rọ Switch. Fífò padà dé, kọ́kọ́rọ́ padà dé, wọ́n fi ẹkùn méjì tuntun kún un, ẹni méjì sì lè jọ ta á. Ọdún méjìdínlógún tí ẹ fi sunkún, wọ́n dá yín lóhùn. Kí lẹ wí? Ẹ ní ó kúrú. Ẹ ní 50 dọ́là ti pọ̀ jù. Ẹ̀yin kan náà! Mo ní kí wọ́n bá mi ṣírò owó náà sí náírà kí n lè fi bá yín wí. Wọ́n ṣírò rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká fi ti owó yẹn sílẹ̀.

Kí ni ọmọ yìí tún ń wò? Ẹ̀rọ rẹ? Ta ló sọ fún ọ pé mo ti ṣe tán? Mo wà ní ìpele tó le, ọmọ méjì ló wà lójú ọ̀nà. Lọ sí ilé ìdáná, bá mi bu omi tútù wá. Yára.

Ẹ wò ó bó ṣe ń lọ. Ó dé ẹnu ilẹ̀kùn, ó yí padà.

“Bàbá, ife èwo?”

Ife èwo kẹ̀! Èyí tó wà lórí fíríìjì ni, èyí tí... Yé! Ẹ bá mi wò ó, ti ìsàlẹ̀ ti bọ́ sórí ẹ̀gún.