Ìrọ̀rí Mẹ́ta Ìyá Ìbejì

Ẹ fa àpótí yẹn súnmọ́ mi, ṣùgbọ́n ẹ ò gbọ́ ọ lẹ́nu mi o. Èmi kì í ṣe olófòófó, ògiri yàrá mi ló fẹ́lẹ́. Ẹni tó kọ́ ilé yìí ló ṣún sìmẹ́ǹtì lò, ìdí nìyẹn tí èmi àti Ìyá Ìbejì fi ń gbọ́ ikọ́ ara wa lóru. Sìmẹ́ǹtì ọ̀hún gan-an ti wọ́n kọjá bẹ́ẹ̀ báyìí... ẹ jẹ́ ká fìyẹn sílẹ̀, ọ̀rọ̀ ikùn la fẹ́ sọ.

Ẹ mọ Ìyá Ìbejì tó ń ta léèsì ní Balógun. Ara tó ní yẹn, ìgbádùn la kà á sí, àfi ìgbà tí wọ́n gbé e gorí ìwọ̀n lọ́sibítù tó di kílò 118. Kò sì ga ju mítà 1.62 lọ. Dókítà fi gíga ẹ̀ pín kílò yẹn lẹ́ẹ̀mejì, ó já sí 45. Ó ní ẹni tó bá ti tó 35, iṣẹ́ abẹ tí wọ́n fi ń dín ara kù tọ́ sí i, pàápàá ẹni tí àtọ̀gbẹ bá ń bá fínra. Àtọ̀gbẹ sì ti wà lára tiẹ̀ láti ọdún mẹ́fà.

Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀, torí iṣẹ́ abẹ ọ̀hún kì í ṣe oríṣi kan. Táyéwò tó wà ní Houston ní sleeve ni kí màmá òun ṣe. Kẹ́hìndé tó wà ní Manchester ní rárá, bypass ni. Ìyá wọn ní Kẹ́hìndé mà ni ẹ̀gbọ́n. Táyéwò ní òun lòun ń sanwó. Orí fóònù ni gbogbo ẹ̀ o, wọ́n sì ṣí ohùn ẹ̀ sókè gbàgàdà. Ṣé kí n wá di etí ni?

Kó tó dọ̀sán, ọ̀rọ̀ ti dé ìdí kànga. (Ẹ yéé wojú mi.) Sísí Télọ̀ ní ṣebí sleeve ni òyìnbó ń pe ọwọ́ aṣọ, iṣẹ́ òun nìyẹn. Òótọ́ ni, bí iṣẹ́ télọ̀ ló rí: wọ́n á gé àpòlúkù lóòró, wọ́n á ju nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún ẹ̀ nù, ìyókù á wá rí tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Apá tí wọ́n gé nù yẹn ló sì ń rán iṣẹ́ ebi sí ọpọlọ jù, nítorí náà ebi á rọlẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n bá ti gé, ó ti lọ nìyẹn. Bíi bùbá mi tí Sísí yìí gé kúrú lọ́jọ́ Iléyá, mi ò ní sọ ìyẹn lónìí.

Bàbá Onídáńfó ní bypass ló dáa, ọ̀nà ẹ̀bùrú ni. Wọ́n á ya àpò kékeré kan sọ́tọ̀ lókè àpòlúkù, bí ẹyin adìẹ báyìí, wọ́n á fa ìfun kékeré wá so mọ́ ọn. Oúnjẹ á yà kúrò lójú títì, á fo ìyókù àpòlúkù àti ìbẹ̀rẹ̀ ìfun. Kì í ṣe iṣẹ́ àná: dókítà kan tó ń jẹ́ Edward Mason ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é ní Iowa, l'Amẹ́ríkà, ní 1966. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gba ẹ̀bùrú kì í dé gbogbo ọjà. Oògùn fítámì, ti ẹ̀jẹ̀ àti ti eegun, á di lílò títí ayé. (Onísleeve náà á lò ó, àmọ́ ti oníbypass le jù.) Tó bá sì lọ da mínírà dídùn sọ́fun, òógùn á bò ó, àyà á máa lù kì-kì-kì, inú á ṣí.

Alhájà yàrá kejì ò fẹ́ gbọ́ orúkọ ọ̀bẹ rárá. Wọ́n ní bàlúùnù ni: kí wọ́n gba ẹnu tì í wọnú, kí wọ́n rọ omi kún un, kó jókòó síbẹ̀ kí inú máa rò pé òun ti yó. Dókítà ní ó wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n tó bá tó bí oṣù mẹ́fà, yíyọ ni, ara sì lè padà síbi tó wà. Èyí tó wu Ìyá Ìbejì fúnra ẹ̀ ni ìgbànú tí wọ́n fi ń gbá ọrùn àpòlúkù bí ìlẹ̀kẹ̀ ìdí, tí wọ́n lè fún, tí wọ́n lè dẹ̀. Dókítà ní ọ̀pọ̀ ti pa ìyẹn tì, torí ó máa ń yẹ̀ nípò, wọ́n á tún wá padà yọ ọ́.

Bí a ṣe fẹnu kò sí sleeve nìyẹn. Olówó ló borí. Mo bá a gbé báàgì dé ọsibítù, torí ta ni ò bá bá a gbé e? Dókítà ní, "Mummy, ṣé omi kíkan kì í ru sókè sí yín lọ́fun?" Ìyá Ìbejì ní rárá o, a dúpẹ́. Ẹ̀yin èèyàn mi, mo gbìyànjú. Mo wo àjà. Mo ka bọ́tìnnì ẹ̀wù dókítà. Ó já mọ́ mi lẹ́nu: "Irọ́ ni, Dókítà! Orí ìrọ̀rí mẹ́ta ló ń sùn! Aago méjì òru ló máa ń dìde wúkọ́, á máa tutọ́, á wá gbé mílíìkì mu!"

Ìyá Ìbejì wò mí bí ẹni tó bá olè nínú ṣọ́ọ̀bù. Dókítà fi bírò sílẹ̀. Ó ní sleeve lè mú kí omi kíkan náà burú sí i. Wọ́n ki ọ̀pá oníkámẹ́rà sí i lọ́fun, wọ́n bá egbò nísàlẹ̀ ọ̀nà ọ̀fun. Omi kíkan àti àtọ̀gbẹ lẹ́ẹ̀kan náà: bypass ló bá méjèèjì mu. Àtàwa àtàwọn ọmọ ẹ̀, èyí tó ń mú èèyàn gbẹ jù là ń jà lé lórí. Kò sẹ́ni tó bi í pé báwo lo ṣe ń sùn.

Wọ́n ti ṣe é. Nǹkan olómi ló kọ́kọ́ ń mu, lẹ́yìn náà èyí tí wọ́n lọ̀ kúnná. Báyìí, ṣíbí mọ́ínmọ́ín mẹ́rin, ó ti yó. Á máa jẹ ẹ́ bí ẹni ń ka owó, kò sì ní mu omi sí i. Kò bá mi sọ̀rọ̀ ní gbogbo ìgbà yẹn. Àfi ìjẹta tó kan ilẹ̀kùn mi, ó gbé ìrọ̀rí méjì lé mi lọ́wọ́, ó ní òun ò lò wọ́n mọ́.

Èmi ni mo ń sùn lé wọn báyìí. Ọ̀fun mi ò ṣe nǹkan kan o. Ó kàn jẹ́ pé téèyàn bá gbórí sókè díẹ̀, etí á bá fèrèsé Alhájà yàrá kejì dọ́gba.