Ọkọ̀ Tó Lójú

Bọ̀lì wà lọ́wọ́ ọ̀tún àbúrò ìyàwó mi, ẹ̀pà wà lọ́wọ́ òsì, ó ti bọ́ bàtà rẹ̀ tì sábẹ́ ìjókòó, a sì ń sá eré 80 lójú ọ̀nà Adó sí Àkúrẹ́. Mo bi í pé ta ló ń wakọ̀. Ó rẹ́rìn-ín bí ẹni tí ọmọdé bi léèrè ibi tí òṣùpá ń sùn.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ fọkàn balẹ̀. Ọkọ̀ yìí lójú."

Tòkunbọ̀ ni. Láti ọjọ́ tó ti gbé e dé Òkè-Ìlá ni kò ti jẹ́ ká gbádùn. Ẹ̀yìn lógò iwájú ni ojú náà wà, rédà ni wọ́n ń pè é. Ó ń ṣọ́ ọkọ̀ tó ṣáájú: tíyẹn bá rọra, òun náà á rọra, tíyẹn bá sáré, á sáré, ṣùgbọ́n kò ní kọjá iye tí awakọ̀ bá fún un. Iṣẹ́ ọlọ́gbọ́n ni, n kò bú u. Àwọn àgbà kàn ní ojú olójú kò jọ ojú ẹni ni: ẹni tó bá fi ojú ẹlòmíràn ṣọ́ ọjà rẹ̀, kó má bínú bí owó kò bá pé.

Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín ni pé afọ́jú ló ṣe bàbá ẹ̀rọ yìí. Ralph Teetor, ará Amẹ́ríkà, kò ríran láti ọmọ ọdún 5. Wọ́n ní lọ́yà rẹ̀ ló ń wà á kiri. Bí lọ́yà bá ń rojọ́, ọkọ̀ á falẹ̀, bó bá dákẹ́, ọkọ̀ á tún sáré. Ọ̀rọ̀ náà sú u, ló bá ṣe ohun tí yóò mú eré dúró lójú kan, Chrysler sì gbé e sínú Imperial ti ọdún 1958. Ẹni tí kò ríran kò fọkàn tán ẹsẹ̀ awakọ̀. Àbúrò wa tó lójú méjì pérépéré wá fi ẹ̀rọ náà ṣe ojú.

Ní Ìkẹ́rẹ́, a kan bọ́mpù. Ó tẹ bíréèkì díẹ̀. Ibẹ̀ ni ojú ọkọ̀ ti dì, kò sì mọ̀. Bí ẹsẹ̀ bá ti kan bíréèkì báyìí, ẹ̀rọ ti gba ìsinmi nìyẹn, ó di ìgbà tí a bá tún tẹ bọ́tìnì. Àwọn mìíràn tilẹ̀ wà tó jẹ́ pé bí eré bá ti wálẹ̀ sí nǹkan bíi 40, wọ́n á dágbére fúnra wọn. Iná kékeré kan ló kú lójú dáṣíbọ́ọ̀dù. Ta ni yóò rí i? Ẹ̀pà ló ń bó. Ó tẹná jáde nílùú, ó sì ká ẹsẹ̀ kò. Ìdàgẹ̀rẹ́ ló ń gbé wa lọ, ó ṣe bí rédà ni.

Ni ewé bá bẹ̀rẹ̀ lójú títì: ẹ̀ka tútù kan, òmíràn, òmíràn. Kò sí ọmọ Èkìtì tí kò lè ka àrokò yẹn. Tírélà ti kú síwájú. Rédà kò gbọ́ àrokò. Ká tilẹ̀ ní ó ń ṣiṣẹ́, ohun tó ń rìn ló mọ̀ jù; bí yóò bá máa dúró fún gbogbo ohun tó dúró, pátákó etí ọ̀nà kan kò ní jẹ́ ká dé Àkúrẹ́, ni wọ́n ṣe kọ́ ọ láti máa gbójú fo ọ̀pọ̀ nínú wọn.

Mo ké. Ó na ẹsẹ̀ síwájú. Bàtà tó ti yọ́ jáde lábẹ́ ìjókòó ni ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ́kọ́ bá, kò bá bíréèkì. Ìgbà tí a máa fi dúró, mo ti ń ka nọ́ńbà tírélà láìfi awò sójú, bọ̀lì sì ti lẹ̀ mọ́ gíláàsì.

"Ẹ̀gbọ́n, ọkọ̀ yìí já mi kulẹ̀ o."

Ọkọ̀! Ìwé tó bá a wá nípọn bíi Bíbélì, ó sì wà nínú àpótí iwájú rẹ̀, nínú ọ̀rá tí kò tíì já.

Mo bá a ní Òkè-Ìlá ní Sátidé tó kọjá, ó ń fọ ọkọ̀. Ó ti lẹ sítíkà ìjọ kan tó ń dán bíi fàdákà bo lógò iwájú, ó ní kí Olúwa máa bá òun wo ọ̀nà. Ó ní láti ọjọ́ yẹn, rédà kọ̀, kò tàn mọ́, òun ò mọ ohun tó ṣe é.

N kò tíì sọ fún un.